Àáró Àwọn Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà, àti Ipò Tiwa Nínú Rẹ̀

Kò sí ẹni tí ó ti gba ojú títì Èkó sí Bìní kọjá rí, kò sì sí ẹni tí ó ti Oǹdó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa rí, tí yóò sọ pé òun kò mọ Ọ̀rẹ̀, ìlú oríta, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ìlú tí í gba àlejò láàárọ̀ tí í sin àlejò lálẹ́, níbi tí ará Ọ̀nìṣà àti ará Ìkòròdú ti ń jókòó jẹun lórí tábìlì kan náà láì mọ orúkọ ara wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Bìáfírà dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí wọ́n ti gba Bìní kọjá tí ojú wọn ń wo Èkó, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dí wọn lọ́nà, tí “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” fi di ọ̀rọ̀ tí àwọn tí a kò tí ì bí nígbà náà ń sọ lẹ́nu títí di òní. Èmi kò jókòó láti kọ̀wé nípa ogun o. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ohun tí ó bá máa ti ìlà-oòrùn gba títì dé Èkó, Ọ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, àrùn sì wà lára ohun bẹ́ẹ̀, nítorí pé àrùn kì í sanwó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gáréèjì tí kì í wọ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lásà ń bá fínra jù lọ ní Nàìjíríà. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí a ń gbé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ. Eku ni ó ń gbé àìsàn náà kiri, eku tí í já wọ inú gàrí àti èlùbọ́ lóru, ẹni tí ó bá sì ti rìn láti Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó, tí ó rí bí a ti ń so ẹran ìgbẹ́ kọ́ sí etí títì fún àwọn èrò ọkọ̀ láti rà, kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó mọ̀ pé èèyàn àti ẹranko kò jìnnà síra wọn ní agbègbè yìí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ irú àrùn báyìí. Ní ìgbà kan tí kò tí ì pẹ́ rárá, bébà ni ó ń kọ ọ́ sí: bébà yóò ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì dé ọwọ́ rẹ̀, yóò ti ọwọ́ rẹ̀ dé Àkúrẹ́, yóò ti Àkúrẹ́ dé Àbújá, nígbà tí yóò bá sì fi dé ibẹ̀, àrùn tí a tìtorí rẹ̀ kọ̀wé ti ṣí kúrò níbi tí a ti rí i. Nísinsìnyí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì ni ó ń fi ṣe é. Orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀, abúlé rẹ̀, ọjọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú áàpù kan. Bí ó bá wà láàárín oko kòkó ní ìhà Àràròmí-Òbu, tí nẹ́tíwọọ̀kì kò sí, fóònù yóò di ọ̀rọ̀ náà mú sínú títí yóò fi padà dé ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì gbé wà, ìgbà náà ni yóò fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó wà ní yàrá àyẹ̀wò yóò rí i, ẹni tí ń tọpa àwọn tí wọ́n fara kan aláìsàn yóò rí iṣẹ́ tirẹ̀, Àbújá náà yóò sì rí i.

SORMAS ni orúkọ áàpù náà, NCDC tí ń ṣàkóso ìdènà àrùn ní Nàìjíríà sì ti tàn án dé ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. A kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí a tó gba àṣẹ láti lò ó. Bí a bá fẹ́ tú inú rẹ̀ wò, bí a bá fẹ́ yí i padà kí ó bá tiwa mu, bí a bá fẹ́ bù nínú rẹ̀ fún àwọn ará Kùtọnu tàbí Lómé, kò sí ẹni tí yóò pè wá lẹ́jọ́. Irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí SORMAS ṣe dé ayé yẹ kí ó jẹ́ ohun tí ọmọ Nàìjíríà ń fi yangàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n láàárín wa kò pọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh, ìran Herbert Macaulay, ìran Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, obìnrin tí ó rí iná tí kò sá, kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní fi ilé-ìwòsàn sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn sì bá a lọ. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa, gbogbo ayé sì kan sáárá sí wa. Ohun tí àwọn tí ń kan sáárá kò bèèrè ni bí a ti ṣe tọpa àwọn èèyàn 894 tí wọ́n fara kan àwọn aláìsàn, ní Èkó àti ní Port Harcourt, tí a fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò wọ́n ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Fóònù wà lọ́wọ́ àwọn tí ń rìn ìrìn náà, ohun tí ó sì wà nínú fóònù náà ni ODK, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 2008, láì mọ̀ pé Ebola yóò wọ Èkó lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ohun tí a ń tà ni ODK. Àwọn tí iṣẹ́ náà já lé léjìká ìbá kọ̀wé sí ọ̀gá, ọ̀gá ìbá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ òkè òkun, ilé-iṣẹ́ òkè òkun ìbá bèèrè iye fóònù tí a fẹ́ fi í sí kí wọ́n tó dá iye owó, à bá pe tẹ́ńdà, àwọn agbaṣẹ́ṣe ìbá kóra jọ, ẹnì kan ìbá sì fi tirẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ti bá ìjọba ilẹ̀ wa da nǹkan pọ̀ rí mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ikú kì í dúró de tẹ́ńdà. Àwọn ọmọ wa kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: wọ́n mú un, wọ́n yí i sí ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kò ju eré àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn lọ, ọdún 2014 ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nígbà tí Ebola kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà jókòó pẹ̀lú àwọn ti ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí Helmholtz ní Braunschweig, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Gérard Krause, wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí: ibi tí bébà ti pẹ́, ibi tí orúkọ ti sọnù, ibi tí ẹni tí ń tọpa aláìsàn kò ti gbọ́ ohun tí yàrá àyẹ̀wò ti mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ wọn ni SORMAS ti jáde, tí a gbé lọ dán wò ní Ọ̀yọ́ àti Kánò ní ọdún 2015. Ó yẹ kí n sọ èyí pé ti àkọ́kọ́ yẹn, orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ SAP ni ó dúró lé, ẹ̀rọ tí a ń tà. Àwọn tí ó ṣe é wá rí i pé ìjọba tí kò lówó lọ́wọ́ kò ní lè gbé e ró, wọ́n wó o palẹ̀, wọ́n sì tún un kọ́ pátápátá sórí ohun ọ̀fẹ́, wọ́n fi kóòdù rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ láti fi ṣiṣẹ́, síta kí aráyé máa mú. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi í bá ibà Lásà, àrùn yírunyírun àti àrùn ọ̀bọ jà ní Nàìjíríà, tí Gánà náà sì gbà á.

Ọdún 2020 dé, kòrónà dé. Ní Jámánì, ilẹ̀ tí ó ń ṣe ọkọ̀ tí àwọn olówó wa ń dù, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìlera ṣì ń fi fáàsì ránṣẹ́ nípa àwọn tí àrùn mú. Áàpù tí àìsàn Èkó bí, tí a ti dán wò ní Ọ̀yọ́ àti Kánò, òun ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, olórí ìjọba Jámánì àti àwọn olórí ìpínlẹ̀ ibẹ̀ fẹnu kò pé kí gbogbo ọ́fíìsì ìlera ilẹ̀ náà wà lórí SORMAS kí oṣù kejì tó parí. Gbogbo wọn kọ́ ni ó gbà, nítorí agídí òṣìṣẹ́ ìjọba kò mọ àwọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà á. Bí a bá ń ka ohun tí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú fún Yúróòpù ní ọ̀rúndún yìí, ẹ má yọ ìyẹn sílẹ̀.

Òfin tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ti pẹ́. Ní ọdún 1983, Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, tí inú ń bí nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti máa ń fi han ara wọn tẹ́lẹ̀, kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní GNU. Ní ọdún 1989 ó gbé ìwé àṣẹ kan jáde, GPL, tí ó ní kí ẹnikẹ́ni mú, kí ó lò, kí ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá ń pín in fún ẹlòmíràn, àní bí ó bá ń tà á, kí ó fún ẹni náà ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tí a fún òun gan-an. Lábẹ́ ìwé yìí ni SORMAS wà. Lábẹ́ rẹ̀ náà ni Linux, sọ́fítíwíà tí ń darí ẹ̀rọ, wà, tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, tí ó sì wà lónìí nínú gbogbo fóònù Android tí ń dún nínú àpò àwọn èrò ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, àti nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń gba owó lábẹ́ agboòrùn níbẹ̀. Òfin gidi ni, kì í ṣe ìtọrẹ àánú; ó ní ohun tí a fún ọ, ìwọ náà kò gbọ́dọ̀ tì í mọ́lé.

Àwọn baba wa tí ó kọ́kọ́ fi àdá là oko kòkó nínú igbó Òdìgbó mọ irú òfin bẹ́ẹ̀, àáró ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin márùn-ún yóò kóra jọ: oko ti èyí lónìí, oko ti ọ̀hún lọ́la, títí yóò fi yí wọn ká. Owó kì í kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀fẹ́ ni a ro oko òun, nítorí pé olúkúlùkù mọ iye ọjọ́ tí ó jẹ. Ẹni tí a bá ro oko rẹ̀ tí inú ń run ún ní ọjọ́ oko ẹlòmíràn, a ó kí i ní ‘ẹ kú ara líle’ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún di ẹlẹ́ẹ̀kejì, a ó wo ojú ara wa. Nígbà tí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí yóò pè é mọ́. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ibi tí àáró kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀ sí ti oko ni pé ebè tí a bá kọ sí oko ẹnì kan, orí oko gbogbo ayé ni ó ń yọ sí lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó sì sá fún iṣẹ́ kò dín nǹkan kan kù nínú ohun tí ó wà nílẹ̀. Ta ni yóò wá bá a wí? Kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ó sá. Níbi tí kò ti sí ojú tí ń ṣọ́ni yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí.

Nítorí pé gbogbo ayé ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ lè rò pé gbogbo ayé ni ó ń ro ó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n rí àlébù kan tí wọ́n pè ní Heartbleed nínú OpenSSL, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí báńkì àti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pa àṣírí àwọn oníbàárà mọ́ káàkiri ayé. Nígbà náà ni ó tó hàn sí aráyé pé àwọn èèyàn díẹ̀ tí a lè fi ìka ọwọ́ kà ni ó ń tọ́jú rẹ̀, àti pé ẹ̀bùn tí wọ́n ń rí gbà lọ́dún kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kan tí iṣẹ́ wọn ti Harvard jáde ṣírò pé bí ayé bá fẹ́ tún gbogbo sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò ná wọn ní nǹkan bí bílíọ̀nù 4.15 dọ́là, ṣùgbọ́n bí kò bá sí rárá, tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti dá tirẹ̀ ṣe, yóò ná wọn ní tírílíọ̀nù 8.8 dọ́là. Wọ́n tún rí i pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń kọ ọ́ ni ó dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ yìí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ọ̀rẹ̀. Mo ti jókòó rí nínú ilé ìtẹ̀wé kékeré kan níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìsìnkú àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo sì wo bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń fi Windows sínú kọ̀ǹpútà oníbàárà. Ó kọ́kọ́ pa antivirus. Ó ní bí kò bá pa á, kò ní jẹ́ kí ‘crack’, ohun tí a fi ń lo sọ́fítíwíà olówó láì sanwó rẹ̀, wọlé. Ó ti flash bọ ihò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín. Oníbàárà sanwó, ó ń lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a ti yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò sì mọ̀. Èmi kò pe ọmọ yẹn ní olè láàárín ọjà, nítorí owó tí àwọn onílé-iṣẹ́ náà ń dá lé ọjà wọn, owó ará Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe ti ẹni tí ń tẹ ìwé ìsìnkú ní Ọ̀rẹ̀. Àmọ́ ohun tí ó ṣe kò ní orúkọ mìíràn. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé LibreOffice wà nílẹ̀, tí yóò tẹ ìwé ìsìnkú kan náà láì jẹ́ pé a jalè. Linux wà nílẹ̀ lóríṣiríṣi, títí kan Ubuntu tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde ní ọdún 2004, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè, níbikíbi láyé, títí di ọdún 2011. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ rò pé jíjí tí a ń jí ọjà onílé-iṣẹ́ ń ṣe onílé-iṣẹ́ ní ibi tó bí a ti rò: odidi ìran kan ni ó ń fi í mọ ọjà rẹ̀ nìkan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ náà bá di ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọjà yẹn kan náà ni wọn yóò fi owó gbogbo wa rà.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2007, ìjọba Nàìjíríà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà Classmate ti Intel fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, 17,000 ni iye rẹ̀, Mandriva, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tí ń ṣe Linux, sì ti ṣàdéhùn láti fi tirẹ̀ sínú wọn. Kọ̀ǹpútà ti ń bọ̀ lọ́nà nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Mandriva pé a ó san owó sọ́fítíwíà wọn pé pérépéré, ṣùgbọ́n a ó yọ ọ́ kúrò, a ó sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: a ó sanwó ohun tí a kò ní lò, a ó tún fi òmíràn lé e. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer tí í ṣe ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó ń bi í léèrè ohun tí ó ṣe tí ọkàn àwọn èèyàn fi yí lójijì. Àjọ kan nínú ìjọba wa tí ó ń sanwó ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà wá sọ lẹ́yìn náà pé Mandriva ni àwọn fẹ́. Ohun tí n kò rí ka nínú gbogbo ariwo náà ni ohùn olùkọ́ kan tàbí òbí kan tí wọ́n bi léèrè. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Àwa ń wò ó, ó sì gún wa.

Àwọn kan yóò sọ pé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ náà ń náni lówó, òótọ́ sì ni wọ́n sọ: a ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, a ó ra sáfà tàbí kí a yá a, ẹ̀rọ yóò dákẹ́ ní ọjọ́ tí a fẹ́ ẹ jù, ẹnì kan ni yóò sì dìde tún un ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni àpò tí owó náà ń wọ̀. Owó láísẹ́ǹsì ń la òkun kọjá lọ́dọọdún, kò sì ní padà. Owó àtúnṣe lè dúró lọ́wọ́ ọmọ tí a bí ní Òdìgbó, tí yóò fi ra iṣu ní ọjà Ọ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dúró lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Níbi tí èmi ti ń bá àwa fúnra wa wí nìyí, nítorí nínú SORMAS tí mo ti ń yìn láti òkè wá, ìmọ̀ tí ó jáde láti inú ìjìyà ni tiwa, àti ìrìn ẹsẹ̀, àti ìdánwò. Kíkọ kóòdù, Jámánì ni ó ti wáyé jù, owó Jámánì àti ti Yúróòpù ni ó sì gbé e. Àáró tí a bá fi ẹnu nìkan ṣe, kì í pẹ́ tí ó fi ń di oore, oore a sì máa di ìwọ̀fà.

Kò jìnnà láti Ọ̀rẹ̀ sí Òkìtìpupa, níbi tí yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a fi orúkọ olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù pè gbé wà. Kóòdù SORMAS wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà níbẹ̀ fi í ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn, kí wọ́n bá òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ àrùn ní Òdìgbó rìn lọ sí abúlé, kí wọ́n wo ibi tí áàpù náà ti ń há, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì dá àtúnṣe náà padà sí ibi tí gbogbo ayé yóò ti rí i? Kí ni kò jẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àkúrẹ́ sọ ọ́ di òfin pé sọ́fítíwíà tí a bá fi owó ará ìlú kọ, kóòdù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ará ìlú, tí ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó bá ti sanwó ètò owó-orí rẹ̀, kí Ìlàjẹ àti Ìrèlè má tún san án lẹ́ẹ̀kejì? Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ síta láì dúró de ìjọba kankan, nítorí náà kì í ṣe pé a kò ní ẹni tí ó lè ṣe é.

Bí alága Òdìgbó bá sì bi mí pé èló ni yóò ná òun láti bẹ̀rẹ̀, èmi yóò ní kí ó mú ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ kọ̀ǹpútà dunjú, kí ó san owó oṣù àti owó data wọn, kí ó fún wọn ní yàrá kan tí iná kì í kú ní sẹkitéríàtì, kí iṣẹ́ wọn sì jẹ́ láti yọ gbogbo ‘crack’ kúrò nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ náà, kí wọ́n fi ohun tí a fún wa dípò rẹ̀, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn akọ̀wé títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Owó náà kò tó èyí tí a ń ná sórí pátákó ìkíni ọdún tuntun ní oríta Ọ̀rẹ̀.